Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Yorùbá: ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ wo inú awò tó ń yà fún WAEC

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti ìjọba àti ti aládàáni, láti Èkó dé Èkìtì, láti Ṣakí dé Òkìtìpupa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí yín kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé láàárín olùkọ́ tí kò tó, òrùlé tó ń jò àti òbí tó ń fi ìbínú wọlé, ó lè dà bí àìmọ̀kan kí ẹnì kan jókòó kó máa kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá jẹ mọ́ iṣẹ́ yín gan-an, kò sì la owó púpọ̀ lọ.

Iṣẹ́ awò ojú ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Èmi kọ́ ni dókítà tó ń yẹ ojú wò. Èmi ni ẹni tó máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń gé lẹ́ǹsì, tó sì ń ha etí rẹ̀ títí yóò fi bá férémù mu. Nígbà kan tí ìdánwò WAEC kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wà ní SS3 wá gba awò ojú tí bàbá rẹ̀ ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe ń dúró dè mí, ó ṣí ìwé físíìsì rẹ̀ sórí káńtà, mo sì yọjú wò ó. Ó ti ya ohun tí ìwé yín ń pè ní astronomical telescope, tí èmi yóò máa pè ní awò ìràwọ̀ nínú lẹ́tà yìí, ó sì yà á dáadáa: lẹ́ǹsì ńlá níwájú, lẹ́ǹsì kékeré níbi ojú, ìlà ìmọ́lẹ̀ tó gba inú méjèèjì kọjá, àti ọfà kékeré tó dorí kodò láti fi hàn pé àwòrán inú rẹ̀ yóò yí padà. Mo bi í léèrè bóyá ó ti wo inú irú rẹ̀ rí. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ó wà ní Nàìjíríà ni?"

Mo wọ ẹ̀yìn lọ, mo gbé tèmi jáde, páìpù omi funfun kan tó gùn ju mítà kan lọ díẹ̀, mo gbé e lé etí fèrèsé, mo ní kó wo pátákó ìpolówó tó wà ní òpin títì. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó yọ ojú kúrò, ó tún wò ó. "Bọ̀dá, ó dorí kodò." Mo ní, ṣebí bí ìwọ náà ṣe yà á nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá wo ìwé rẹ̀, ó wo páìpù, ó tún wo ìwé rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojúlé àwọn ìbátan rẹ̀ hàn.

Láti ọjọ́ náà ni lẹ́tà yìí ti wà lọ́kàn mi. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí gbogbo ọmọ tí yóò ya awò yìí nínú ìdánwò kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ ṣe ọ̀kan, kí ó sì fi wo òṣùpá lálẹ́ ọjọ́ kan péré kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá ṣíjibo oòrùn pátápátá ní Gánà, ní Tógò àti ní orílẹ̀-èdè Benin, òjìji náà sì gba apá àríwá Nàìjíríà kọjá lọ sí aṣálẹ̀, ó dé Líbíà, ó dé Tọ́kì. Nílùú Ìbàdàn, ó kù díẹ̀ kí ó bò ó tán. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ìwé kejì girama ni mo wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ sì kó gbogbo wa sínú kíláàsì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n ní ẹni tó bá yọjú síta yóò fọ́jú. N kò bá wọn wí jù, nítorí ó sàn kí ọmọ jókòó sínú òkùnkùn ju kí ó la ojú sílẹ̀ gbagada sí oòrùn lọ. Ṣùgbọ́n kíláàsì wa kò ní àjà, páànù rẹ̀ sì ti gbó, ìṣó kan ti yọ kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tó yọ sí sì ti di ihò kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń gbà wọlé. Lójoojúmọ́ ni ìmọ́lẹ̀ náà máa ń balẹ̀ ní róbótó sí ẹ̀gbẹ́ àga mi, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ náà, róbótó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Wọ́n bu ún jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dà bí àkàrà tí ọmọdé gé jẹ, ó tún dà bí òṣùpá ọjọ́ kẹta, ó wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná tí a gé sílẹ̀. Mo rò pé nǹkan ló ń dí ihò páànù ni. Mo na ọwọ́ sí i, èékánná ìmọ́lẹ̀ náà sì gun àtẹ́lẹwọ́ mi, ó jókòó síbẹ̀. Oòrùn tí wọ́n tì wá mọ́lé nítorí rẹ̀ ló wá bá mi nílé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ohun tí mo rí ní orúkọ. Nígbà tí mo dé SS2 ni olùkọ́ físíìsì wa ya àpótí oníhò abẹ́rẹ́ sójú pátákó, tó ní ìmọ́lẹ̀ a máa rìn ní ìlà tó gún, mo sì pariwo nínú kíláàsì débi pé wọ́n ní kí n jáde síta. Jíjìnnà oòrùn sí wa tó nǹkan bí ìlọ́po 108 ìbú rẹ̀, nítorí náà bí ihò bá ga tó mítà mẹ́ta àbọ̀ sílẹ̀, àwòrán oòrùn tí yóò balẹ̀ yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti díẹ̀. Ìṣirò tí ọmọ SS1 lè ṣe nìyẹn, páànù tó ti jò sì pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ yín ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Awò ìràwọ̀ náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní iṣẹ́ tiwa, nọ́ńbà ni a fi ń pe lẹ́ǹsì. Plus one ni ti àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na ìwé jìnnà sójú kó tó lè kà á. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni nọ́ńbà náà ń gòkè. Ìtumọ̀ plus one ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, bó bá gba inú lẹ́ǹsì náà kọjá, yóò para pọ̀ sójú kan ní mítà kan géérégé. Plus two, ní ìdajì mítà. Ọdún mélòó kan ni mo ti fi ń gé lẹ́ǹsì wọ̀nyí kí ó tó yé mi pé ìdajì awò ìràwọ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá lójoojúmọ́. Ìdajì yòókù wà lójú bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní ìsàlẹ̀ títì wa: awò kékeré dúdú tí àwọn atúnàgogo máa ń há mọ́ ojú, tí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ń para pọ̀ ní mílímítà 25. Ẹ fi 25 pín 1,000, ẹ óò rí 40. Awò tí a bá fi méjèèjì ṣe yóò sún nǹkan mọ́ ojú ní ìlọ́po 40. Èyí tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Ítálì, fi rí àwọn òṣùpá mẹ́rin tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà po ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1610 kò ju nǹkan bí ìlọ́po 20 lọ.

Bàbá atúnàgogo fún mi ní èyí tó ti gbó nínú tirẹ̀, ó sì kọ̀ láti gba owó, ó ní kí n máa fi ohun tí mo bá rí jíṣẹ́ fún òun. Púlọ́mbà kan ta àjákù páìpù fún mi. Mo fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun pátákó ìkọ̀wé kun inú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ìgboro má baà máa ta padà nínú rẹ̀. Mo lẹ lẹ́ǹsì mọ́ ẹnu kan, mo há awò aago sínú páìpù kékeré tó ń wọ inú ti ńlá, mo fi bébà wé e kí ó lè máa yọ́ síwájú yọ́ sẹ́yìn láìbọ́. Nígbà tí mo wá wo òṣùpá, inú mi bàjẹ́. Àwọ̀ òṣùmàrè ló yí i ká, etí rẹ̀ sì rí bí ohun tí omi ń mì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ ọ́ nù nìyí, bí ẹ bá sì fẹ́ ka apá kan ṣoṣo fún olùkọ́ físíìsì yín nínú lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí fún un. Lẹ́ǹsì ojú kan ṣoṣo kì í kó gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan náà. Àwọ̀ búlúù ń para pọ̀ ṣáájú, pupa ń kẹ́yìn, àìbára-dọ́gba yìí sì máa ń hàn jù níbi etí lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì tí a kò tíì gé fẹ̀ tó mílímítà 65 sí 70, ọkàn ẹni a sì máa sọ pé kí a lo gbogbo rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀. Ẹ má lò ó. Ẹ gé páálí ní róbótó, ẹ lu ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 30 sí àárín rẹ̀, ẹ fi bo iwájú lẹ́ǹsì. Òṣùmàrè yóò dín kù púpọ̀, etí òṣùpá yóò mú bí ọ̀bẹ. Èkejì ni pé ọwọ́ kò lè gbé ìlọ́po 40 dúró. Bí iṣan ọrùn yín bá ta pọ́ún, òṣùpá ti fò kúrò nínú awò. Ẹ wá igi méjì àti bóòtù kan, kí káfíńtà ilé-ẹ̀kọ́ kàn án kí páìpù lè máa gòkè kí ó sì máa sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbé e lé orí tábìlì tí kì í mì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo fi páálí bò ó, òṣùpá ti dé ìdajì. Mo rí àwọn òkè rẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn, orí òkè kan ti gba oòrùn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú òru, ó dá dúró bí iná àtùpà láàárín òkùnkùn, kòtò róbótó róbótó sì kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bí ojú ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní òṣùpá lé, a ní kò gún, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o lọ tún un ṣe. N kò ní in lọ́kàn láti tún un ṣe o, ṣùgbọ́n ó dára kí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí ibi tí kò ti gún. Ẹ kíyè sí i pé òṣùpá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tí gbogbo wa ń fẹ́ràn, ni kò dára jù láti wò nínú awò, nítorí oòrùn ń tàn sí i lójúkojú, òjìji kò sí níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Òṣùpá ìdajì ni kí ẹ wò.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé awò páìpù kò lè jẹ́ awò gidi, pé bó bá yá, ìjọba yóò fi èyí tó dára ránṣẹ́. William Herschel, tó rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1781, olórin ni, ó ń tẹ dùùrù ní ilé ìsìn kan nílùú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ara rẹ̀ ló ti ń lọ dígí tó jìn láàárín, tó dípò lẹ́ǹsì ńlá nínú àwọn awò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin Caroline a sì máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu nígbà tí kò lè gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́. Caroline fúnra rẹ̀ rí ju ìràwọ̀ onírù kan lọ lẹ́yìn náà. John Dobson, tó jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn (monk) nílùú San Francisco ní Amẹ́ríkà, fi dígí fèrèsé ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti kó dànù ṣe dígí awò, ó lo páálí róbótó tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń da òpó kọnkéré, ó fi pákó kan àpótí tó ń gbé e, lẹ́yìn náà ni ó wá ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì lálẹ́, tó ń pe ẹni tó ń kọjá pé kí ó wá wo Sátọ̀n. Ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1968 ti ran irú awò alápòótí bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ó kú ní ọdún 2014. Kò gba ẹ̀tọ́ owó lórí àpótí náà rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ lílọ dígí yìí dùn mọ́ mi. Bí a bá kó dígí róbótó méjì tó nípọn lé ara wọn, tí a bu yẹ̀pẹ̀ líle àti omi sáàárín wọn, irú yẹ̀pẹ̀ tó wà nínú èròjà tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù mọ́tò, tí a sì ń ti ti òkè lọ síwájú sẹ́yìn, tí a ń yí i díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan yóò máa jìn, èkejì yóò máa yọ ikùn. Ìyá mi rí mi nídìí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé ọlọ lo ń lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀: ẹ wo ìyá ọlọ tó ti gbó, ẹ óò rí i pé àárín rẹ̀ ti jìn, nígbà tí ọmọ ọlọ ti yọ ikùn láti bá a mu. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú iṣẹ́ dígí, ti òkè ló ń jìn. Dígí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò para pọ̀ ní mítà kan àti ìdá márùn-ún kan, kò nílò ju kí àárín rẹ̀ jìn ní mílímítà kan àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé débi pé àṣìṣe tó wà lójú rẹ̀ kò ní ju ìdá kan nínú 10,000 mílímítà lọ. Ohun tí a fi ń yẹ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wò ni iná kékeré kan àti ẹnu bíléèdì; Foucault, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ti fi hàn wá láti nǹkan bí ọdún 1858. Dígí mi àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nítorí náà n kò ní kí ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Plus one tó.

Ojú ọ̀run tí a ní ńkọ́? A kò mọ bí a ti ní in tó. Ìbàdàn kò ju ìwọ̀n méje àti díẹ̀ lọ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà ìràwọ̀ àríwá àti ti gúúsù ló ń gba orí wa kọjá. Àwọn ìbátan wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbélébùú Gúúsù láé bí wọn kò bá kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní alẹ́ oṣù karùn-ún, a ó rí i níhà gúúsù bí a bá rí àyè tí igi kò dí. Lápá òsì rẹ̀ ni Alpha Centauri wà, aládùúgbò tó sún mọ́ oòrùn wa jù lọ nínú àwọn ìràwọ̀ tí a lè fi ojú lásán rí; bí ẹ bá fi awò plus one wò ó, ẹ óò rí i pé méjì ni wọ́n, wọ́n fara kan ara wọn bí ìbejì. Ìràwọ̀ tó dúró lókè òpó àríwá ayé nìkan ló ń fi wá ṣeré. Ìsàlẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa, kùrukùru ló sì sábà máa ń bò ó.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ nípa òjò. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu ló ni ojú ọ̀run, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé ní oṣù Kejìlá, eruku rẹ̀ a máa pa ìràwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ́. Àsìkò tó dára jù ni láti ìparí oṣù Kẹwàá títí ọyẹ́ yóò fi le, àti alẹ́ tó tẹ̀ lé òjò ńlá ní oṣù kẹta àti kẹrin, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ní ti NEPA, tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà tí ìwà rẹ̀ kò yí, èyí nìkan ni ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n lóore. Ìgboro tí iná bá lọ níbẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì dún, ojú ọ̀run rẹ̀ a máa ṣú débi tí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ní ìlú ńlá òkè òkun yóò wakọ̀ fún wákàtí mélòó kan láti lè rí.

Alẹ́ irú bẹ́ẹ̀ ni ti ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Òṣùpá ti wọ inú òjìji ayé kí ó tó yọ sí wa, ìkùukùu sì bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, ìkùukùu là, òṣùpá yọ bí ẹyin epo, pupa rẹ̀ ṣú. Iná ti lọ ní àdúgbò. Àwọn ọmọ mọ́kànlá ló tò sẹ́yìn páìpù mi, ìyá kan tó ń bọ̀ láti ilé ìjọsìn dúró, ó bi mí bóyá ohun tí mò ń ṣe kò ní kó àwọn ọmọ sí wàhálà, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé Bíbélì rẹ̀ fún ọmọ kan, ó sì lọ tò sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ni ó wá bi mí ní ìbéèrè tí n kò rò tẹ́lẹ̀: bó bá jẹ́ òjìji ayé ni, òjìji tiwa náà ha wà níbẹ̀? Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó jù ú sí òṣùpá.

Àwọn àgbà wa kò fi ojú ọ̀run ṣeré. Wọ́n mọ àgùàlà dáadáa tí wọ́n fi pa á lówe pé àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi awò wo àgùàlà yóò rí i pé òun náà a máa dà bí òṣùpá, a máa yọ ìwo, a sì máa di ìdajì, kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ó wù mí kí olùkọ́ Yorùbá bá olùkọ́ físíìsì jókòó ní alẹ́ náà, kí wọ́n rán àwọn ọmọ lọ bi àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn ní orúkọ ìràwọ̀ tí àgbẹ̀ àti apẹja ń lò, nítorí púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí ni n kò bá nínú ìwé.

Ní ti ẹ̀rù tí yóò bà yín, mo ti rò ó díẹ̀. Àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn pẹ́ níta lóde òní, wọ́n kò sì jẹ̀bi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ yan ọjọ́ òṣùpá ìdajì, èyí tó ṣì ń dàgbà bọ̀: ó ti wà lókè orí nígbà tí oòrùn ń wọ̀, nítorí náà ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kí ẹ sì parí ní aago mẹ́jọ àbọ̀, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, pẹ̀lú géètì tó wà ní títì, àwọn òbí tó bá fẹ́ sì lè jókòó tì wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé kò tilẹ̀ ní ìṣòro yìí. Bí ẹnì kan bá ní àjẹ́ ló ń wo òṣùpá lóru, ẹ pe òun náà kó wá wò ó. N kò tíì rí ẹni tó wo òṣùpá nínú awò tó tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù tó tọ́ ni ti oòrùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027, òṣùpá yóò ṣíjibo oòrùn pátápátá láti Sípéènì gba etí òkun àríwá Áfíríkà kọjá, ní ẹ̀gbẹ́ Luxor ní Íjíbítì yóò sì bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́fà àti díẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín: ní Nàìjíríà, apá kékeré ni yóò bù nínú oòrùn, ó sì ń kéré sí i bí a bá ṣe ń sún mọ́ etí òkun, ìkùukùu oṣù kẹjọ sì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ yóò wà nínú ìsinmi, kò sí ẹni tí yóò tì wọ́n mọ́lé, kò sì sí ẹni tí yóò kìlọ̀ fún wọn, bí ẹ kò bá ti kọ́ wọn kí ilé-ẹ̀kọ́ tó padé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wọn pé abọ́ omi tí a máa ń gbé síta kò gba ojú là, fíìmù X-ray kò gba ojú là, jígí dúdú ojú ọjà kò gba ojú là, àti pé ẹni tó bá fi awò ìràwọ̀ wo oòrùn yóò pàdánù ojú náà kí ó tó mọ̀ pé ó ń dùn ún. Gíláàsì àwọn wẹ́dà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 14 lè gbà á bí a bá fi í sójú lásán, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Páálí méjì, ihò abẹ́rẹ́ kan, ẹ̀yìn yín sí oòrùn: ọ̀nà tí kò léwu rárá nìyẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń kọ́ni nípa òfúrufú ti wà ní ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1998, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ sì ní ọwọ́ nínú Nigeria EduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí wọ́n tú sí òfúrufú ní ọdún 2017. Inú mi ń dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò débẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti gbéra, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ìgbà tó bá dé yunifásítì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tó yà ní SS3 ṣeé fi ojú wò.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ géètì fún alẹ́ kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, tábìlì kan tí kì í mì, àti ìyọ̀ǹda pé kí iṣẹ́ àṣeyẹ̀wò físíìsì lórí lẹ́ǹsì parí sínú páìpù dípò kí ó parí sórí bébà. Mo ti fi lẹ́ǹsì plus one tí wọ́n ti ha lára díẹ̀, tí oníbàárà kò lè gbà mọ́, pamọ́ sínú àpótí kan fún yín. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún títí di àárọ̀ òní, ìhá kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sì ṣe nǹkan lójú òṣùpá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wà ní Ìbàdàn tàbí ibi tí èèyàn lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, n óò wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí, n óò gbé ayùn àti páálí mi dání, n kò ní gba kọ́bọ̀. Bàbá atúnàgogo ní òun náà yóò bá mi wá bí wọ́n bá lè bá òun wá àga tó ní ẹ̀yìn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Agé-lẹ́ǹsì kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn